Kẹ́ ẹ tó béèrè owó lọ́wọ́ ọmọ yín tó ń kólẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ṣéènì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ẹni tọ́rọ̀ náà kàn ló ní kí n má tíì sọ ọ́ síta, nítorí màmá ẹ̀. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ lè kọ ọ́ wàyí, màmá ti gbọ́. Orúkọ mi àti orúkọ àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ má dá." Mi ò sì ní í dá a. Kẹ́ ẹ ṣáà ti mọ̀ pé ọmọ àǹtí mi ni, àbúrò ni mo sì ń pè é.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Mushin ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi, lọ́dún 2024. Àǹtí mi wọ léèsì tó ń dán gbinrin, ó wé gèlè tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn onílù rí i, wọ́n sáré bá a. Wọ́n ní ìyá ọlọ́mọ Lọ́ńdọ̀nù, ìyá tó bímọ tó dára. Inú àǹtí mi dùn, ó ń nawó. Ó wá yíjú sí àwọn ìyá tó jókòó tì í, ó ní, "Mánígà lọmọ mi o! Kọ́ńpìnnì tó ń tún àyíká ṣe ló wà, àwọn òyìnbó ló ń rán níṣẹ́." Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo jẹ ìrẹsì mi, mo gba ilé lọ.

Aago méjìlá òru kù díẹ̀ ni fóònù mi dún. Àbúrò mi ni. Ohùn ẹ̀ kò já gaara. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá mi gbọ́ o. Ọwọ́ mi ti gé." Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ọwọ́ wo? Ó ní ọwọ́ òsì, ìka méjì, láti oríkèé àkọ́kọ́ sókè. Mo ní báwo ni ọwọ́ mánígà ṣe máa gé lọ́fíìsì? Ló bá bú sẹ́kún. Ó ní, "Mánígà wo, Bọ̀dá? Sikíìpù ni mò ń gbé."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fẹ́ni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, torí èmi náà kò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Nílùú ọba, ẹni tó bá ń tún ilé ẹ̀ ṣe, tó ń wó ògiri tàbí tó ń wú ilẹ̀, kò gbọdọ̀ da pàǹtí ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì bó ṣe wù ú. Ṣe ló máa pe kọ́ńpìnnì kan pé kí wọ́n wá háyà àpótí irin gìrìwò kan fún òun. Àpótí náà kò ní ìdérí, ẹnu ẹ̀ sì fẹ̀ ju ìdí ẹ̀ lọ. Òun ni sikíìpù. Wọ́n á gbé e síwájú ilé, onílé á da àfọ́kù bíríkì, iyẹ̀pẹ̀ àti igi sí i títí tó fi máa kún, kọ́ńpìnnì á wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ pé ojú títì ni wọ́n fẹ́ gbé e sí, wọ́n gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù, bí òfin ojú pópó ọdún 1980 ṣe wí. Orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, iná sì gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀ lálẹ́ kí ọlọ́kadà tàbí oníkáà má lọ kọ lù ú.

Lọ́rì tó ń gbé e ní apá irin méjì lẹ́yìn. Ṣéènì mẹ́rin ló ń rọ̀ lára apá yìí. Sikíìpù náà ní etí mẹ́rin, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Wọ́n á fi ṣéènì kọ́ etí, dírẹ́bà á tẹ ẹ̀rọ, apá irin á gbé gbogbo ẹ̀ sókè, á sì gbé e gẹṣin ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á rò pé eré ọmọdé ni. Àmọ́ sikíìpù táwọn bírìkìlà ibẹ̀ fẹ́ràn jù, èyí tí wọ́n ń pè ní yáàdì mẹ́jọ, tí iyẹ̀pẹ̀ bá kún un, ó lè wọn tó tọ́ọ̀nù 8. Ẹ so káà márùn-ún pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ṣéènì mẹ́rin gbé e sókè, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá dúró sábẹ́ ẹ̀, tàbí tó há sáàárín òun àti ọkọ̀, kò ní í láǹfààní láti pariwo.

Àbúrò mi kì í ṣe dírẹ́bà. Ìyàwó ẹ̀ ló lọ kàwé níbẹ̀ lọ́dún 2022, òun náà sì tẹ̀ lé e. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ó ń wọ táì. Nígbà tó dé ọ̀hún, kò ríṣẹ́ báńkì, ó wá di mọ́tọ̀ bọ́ì lọ́rì sikíìpù. Òun ló ń fi ṣéènì kọ́ etí, òun ló ń da àwọ̀n bò ó kí pàǹtí má bàa fò dànù lójú ọ̀nà. Ẹ gbọ́ o, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ ọlá ni. Tí kò bá sí ẹni tó ń kólẹ̀, ìlú á rà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti sọ fún màmá ẹ̀ pé ọ́fíìsì lòun wà, kò lè sọ fún un pé ẹ̀rù iṣẹ́ náà ń ba òun. Irọ́ kékeré yẹn ló kọ́kọ́ dí i lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sọmọ lórúkọ ní Mushin yẹn, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n rán òun àti dírẹ́bà pé kí wọ́n lọ gbé sikíìpù kan. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ inú ẹ̀ ti yọ gègèlè kọjá etí ẹ̀. Òjò sì ti rọ̀ sí i, ẹ sì mọ bí iyẹ̀pẹ̀ tó mumi ṣe máa ń wúwo. Àbúrò mi wo ṣéènì ọwọ́ òsì, ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn òrùka ẹ̀ ti tín-ín-rín, ó ti gùn ju àwọn yòókù lọ, bí ìgbà tí nǹkan bá fà á. Ó fi han dírẹ́bà. Dírẹ́bà ní òun ti sọ ọ́ láti oṣù méjì. Wọ́n pe ọ̀gá wọn lórí fóònù. Ọ̀gá ní, "Ó ti pẹ́ tá a ti ń lò ó. Kọ́sítọ́mà mẹ́ta ló ń dúró. Tẹ́ ò bá lè ṣe é, àwọn tó fẹ́ ṣe é wà níta."

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín ohun tó wà lọ́kàn àbúrò mi lójú ẹsẹ̀ yẹn, torí òun ló sọ ọ́ fún mi. Owó ilé ti tó san. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, màmá ẹ̀ ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta nítorí owó léèsì àti owó tó máa ná níbi ìsọmọlórúkọ. Ó ní, "Ojú ń tì mí láàárín ẹgbẹ́ o." Ó wá rò ó pé tí òun bá kọ̀, tí wọ́n lé òun, kí lòun fẹ́ wí? Ló bá mú ìkọ́ ṣéènì, ó fi kọ́ etí sikíìpù. Ìkọ́ náà kò jókòó dáadáa, torí ṣéènì tó gùn jura wọn lọ kì í fà bákan náà. Ó wá fọwọ́ dì í mú kó má bàa yọ, bí dírẹ́bà ṣe ń fa ẹ̀rọ. Ṣéènì gan, òrùka tó tín-ín-rín yẹn já, ìkọ́ gbá ọwọ́ ẹ̀ mọ́ etí irin. Ìka méjì lọ. Ká dúpẹ́ pé sikíìpù náà kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ọ̀gá ẹ̀ gbé e dé ẹnu géètì ọsibítù, kò wọlé. Ohun tó sọ fún un ni pé kó sọ fún dókítà pé ilẹ̀kùn ilé ló pa á mọ́. Àbúrò mi sì sọ bẹ́ẹ̀. Òru ọjọ́ tí màmá ẹ̀ ń náwó fún àwọn onílù ni dókítà ń rán ọwọ́ ẹ̀. Owó ọwọ́ yẹn la fi jẹ ìrẹsì.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń bi àwọn tó mọ iṣẹ́ náà léèrè. Ohun tí mo sì rí ni pé kò sí nǹkan kan nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi tó jẹ́ àfọwọ́fà ọ̀run. Gbogbo ẹ̀ ni òfin ti rí tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ n to díẹ̀ fún yín, kẹ́yin tẹ́ ẹ léèyàn níbẹ̀ lè kà á fún wọn.

Àkọ́kọ́ ni ṣéènì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà láti ọdún 1998 lórí ohunkóhun tí wọ́n bá fi ń gbé ẹrù sókè. Ó ní ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ṣéènì wò fínnífínní, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, kí ẹni tó ń lò ó fojú wò ó kí iṣẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òrùka tó bá ti gùn, tó ti tín-ín-rín, tó ti ya tàbí tó ti wọ́, wọn kì í tún un ṣe, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ṣéènì tuntun kò wọ́n tó ìka èèyàn.

Ìkejì ni ẹrù. Pàǹtí kò gbọdọ̀ ga ju etí sikíìpù lọ. Lọ́rì tí òfin fún ní tọ́ọ̀nù 18, òun àti sikíìpù òfìfo ẹ̀yìn ẹ̀ lè ti jẹ tó tọ́ọ̀nù 10 níbẹ̀. Ẹ ṣírò ohun tó kù. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbà kí èèyàn da iyẹ̀pẹ̀ sínú àwọn sikíìpù tó tóbi ju yáàdì mẹ́jọ lọ. Pàǹtí fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Tí sikíìpù bá kún jù, ẹni tó kún un ló yẹ kó bù ú dín, kì í ṣe mọ́tọ̀ bọ́ì ló yẹ kó fi ẹ̀mí wewu.

Ìkẹta ni ẹsẹ̀ lọ́rì. Lọ́rì yìí ní ẹsẹ̀ irin méjì lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó gbé nǹkan. Tí wọn ò bá sọ̀ ọ́, tàbí tí wọ́n sọ̀ ọ́ sórí ilẹ̀ rírọ̀, iwájú ọkọ̀ lè gbéra nílẹ̀ bí ẹṣin tó ń fò. Gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ jìnnà nígbà tí apá irin bá ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣéènì tàbí ìkọ́ tó bá ti ń gan. Tó bá fẹ́ yọ, ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà sọ ẹrù padà sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún un kọ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ìkẹrin ni òkè àti ẹ̀yìn. Apá irin yẹn máa ń ga, wáyà iná sì wà lókè. Kò dìgbà tó bá kan wáyà kó tó gbé èèyàn, tó bá ti sún mọ́ ọn jù, iná lè fò. Ní ti ẹ̀yìn, ìgbà tí lọ́rì bá ń fẹ̀yìn rìn ló máa ń tẹ èèyàn, torí dírẹ́bà kò rí ibi gbogbo. Kí ẹni tó ń darí ẹ̀ dúró síbi tí dírẹ́bà ti ń rí i nínú díńgí. Tí dírẹ́bà kò bá rí i mọ́, kó tẹ búréèkì. Bákan náà ni gígun orí pàǹtí láti lọ ta àwọ̀n bò ó. Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ ṣubú. Àwọn lọ́rì kan ní ẹ̀rọ tó ń ta àwọ̀n fúnra ẹ̀, téèyàn á sì dúró sílẹ̀.

Ìkarùn-ún ni ohun tó wà nínú ẹ̀. Èèyàn máa ń fi pàǹtí bo pàǹtí. Wọ́n á ju sílíńdà gáàsì sí i, wọ́n á ju bátìrì sí i, abẹ́rẹ́, àti sìgá oníná tí wọ́n ń pè ní fépù. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de títa fépù àlòsọnù láti oṣù kẹfà ọdún 2025, ṣùgbọ́n ohun tó ń dáná ni bátìrì inú ẹ̀, ó sì pọ̀ nínú pàǹtí. Tí nǹkan wúwo bá tẹ irú bátìrì bẹ́ẹ̀ fọ́, iná dé nìyẹn. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà tí irin wà níwájú ẹ̀ kì í ṣe fáàrí. Ọ̀gá ló sì gbọ́dọ̀ rà á, òfin ọdún 1974 kò gbà kó yọ owó ẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́.

Nínú gbogbo ohun tó ń wọnú sikíìpù, èyí tó burú jù kì í pariwo, kì í ta èèyàn. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, òun ni páànù àti sílíìnì ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ nílẹ̀ wa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá lọ́dún 1999, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 2000, àwọn ilé yẹn náà ni wọ́n ń wó. Tó bá fọ́, eruku ẹ̀ kò ṣeé fojú rí, á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó. Èèyàn lè máa rìn, kó máa jó, kó tó ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, kí jẹjẹrẹ tó yọjú. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ lọ́hùn-ún, HSE, ní àìsàn tó ti ara ẹ̀ wá ń pa èèyàn tó lé ní 5,000 lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dà á mọ́ pàǹtí mìíràn. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dì í, nínú ọ̀rá méjì, sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Mọ́tọ̀ bọ́ì tó bá rí páànù eléérú tó dà bíi tàtijọ́ nínú sikíìpù, kó má fọwọ́ kàn án, kó má fọ́ ọ, kó má gbá eruku ẹ̀. Kó pe ọ̀gá.

Ẹnì kan lè sọ pé ìka méjì kọ́ ni ayé. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ n wá sọ ti àwọn tí kò padà sílé. Lọ́jọ́ keje oṣù keje ọdún 2016, ní Nechells nílùú Birmingham, àwọn ọkùnrin márùn-ún ń tún ibì kan ṣe níbi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù. Ibi tí wọ́n ń kó irú pàǹtí inú sikíìpù lọ náà nìyẹn. Ògiri búlọ́ọ̀kù kọnkéré kan wà níbẹ̀ tó ga tó mítà mẹ́ta ààbọ̀. Wọ́n ti di irin tí ìwọ̀n ẹ̀ kọjá agbára ògiri yẹn sẹ́yìn ẹ̀. Ògiri náà dà lé wọn lórí, àwọn márààrún kú. Ọmọ ilẹ̀ Gambia àti Senegal ni wọ́n, ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, wọ́n ti kọ́kọ́ lọ sí Spain kí wọ́n tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn náà ní ìyá nílé tó ń retí owó. Ọdún 2022 ni ilé-ẹjọ́ tó sọ pé àwọn ọ̀gá wọn jẹ̀bi. Lọ́dún 2023, wọ́n rán ọ̀gá méjì lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, wọ́n sì ní kí kọ́ńpìnnì kan san £1 mílíọ̀nù, kí èkejì san £600,000. Ẹ gbọ́ o: ọdún méje. Owó kò jí òkú.

Èmi kò sọ èyí láti fi dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ torí pé òfin tó dáàbò bo àbúrò mi ti wà nílẹ̀ kó tó wọ bàálù, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1996 ní òṣìṣẹ́ tó bá gbà lóòótọ́ pé ewu ńlá wà níwájú òun lójú ẹsẹ̀, tó sì kúrò níbẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí ìyẹn. Ó ní òfin pé tí ìka èèyàn bá gé lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba. Òfin ọdún 1969 ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, tí kò gbọdọ̀ dín ní £5 mílíọ̀nù. Ìyẹn ni pé owó tí wọ́n fi máa tọ́jú ọwọ́ àbúrò mi wà nílẹ̀. "Sọ pé ilẹ̀kùn ilé ni" tí ọ̀gá sọ fún un, owó yẹn ló ń sá fún. Ọdún mẹ́ta sì ni òfin fún ẹni tó fara pa láti gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ẹni tó bá jókòó tó ń sunkún títí ọdún mẹ́ta fi kọjá, ó ti pẹ́ jù fún un nìyẹn.

Mo sọ fún àbúrò mi lóru ọjọ́ yẹn pé kó padà lọ bá dókítà, kó sọ òótọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Bọ̀dá, wọ́n á ní mo purọ́." Mo ní o purọ́ lóòótọ́, lọ tún un ṣe. Ó lọ. Dókítà kò bá a jà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Dírẹ́bà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti ya fọ́tò ṣéènì yẹn sórí fóònù ẹ̀ láti oṣù méjì tó ti ń ṣàròyé, Ọlọ́run bù kún un. Àbúrò mi gba Citizens Advice lọ, níbi tí wọ́n ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n júwe lọ́yà fún un. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ lọ́yà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní í sọ jù báyìí lọ.

Ó ti kúrò níbẹ̀. Ó wà ní yáàdì mìíràn báyìí, iṣẹ́ sikíìpù náà ni. Láràárọ̀ kí wọ́n tó jáde, òun àti dírẹ́bà á rìn yí lọ́rì ká, wọ́n á fọwọ́ pa ṣéènì lókè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé. Ó ní lọ́jọ́ kan wọ́n kọ sikíìpù kan tó kún jù sílẹ̀ lójú kọ́sítọ́mà, ọ̀gá kò bínú. Ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ dín díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó sì tú àṣírí nìyẹn.

Àǹtí mi rí i pé owó tó ń wọlé ti dín. Ó wá bá mi nílé, ó ń ráhùn pé ìyàwó ló ń gba ọmọ òun lọ́wọ́ òun. Mo wò ó, mo ní bí mo bá dákẹ́, màá dá ìjà sáàárín ìyá àti aya. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù tó ń fojú hàn, mo ní, "Gbé ọwọ́ òsì ẹ sókè kí màmá ẹ rí i." Ó kọ̀. Mo ní gbé e sókè. Ó gbé e sókè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àǹtí mi kò pariwo. Ó ń wo fóònù náà, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ìgbà wo?" Ọmọ ẹ̀ sọ ọjọ́ náà fún un. Ó mọ ọjọ́ yẹn, torí léèsì tó wọ̀ wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn gan-an ni léèsì ìsọmọlórúkọ. Ó fi etí gèlè nu ojú. Ó ní, "Ó ò ṣe sọ fún mi pé kò sówó?" Ọmọ fèsì pé, "Ẹ ní ojú ń tì yín, màmá."

Mi ò dá àǹtí mi lẹ́bi tán, ẹ̀yin náà ẹ má dá a lẹ́bi. Ta ni nínú wa tí kò ní ẹnì kan lókè òkun tó ń pè? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà pé ọ̀gá yẹn nìkan kọ́ ló ti àbúrò mi síwájú ṣéènì yẹn. Ọ̀gá ló jẹ̀bi lábẹ́ òfin, kò sí àwíjàre fún un. Àmọ́ nígbà tí ọmọ fẹ́ sọ pé "rárá", ohùn tiwa láti ilé ló bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ilé kò ní í fi òun ṣẹ̀sín tí owó bá dín, òun ló lè dúró níwájú ọ̀gá kó sọ pé òun kò gbé e. Ẹ má pe mọ́tọ̀ bọ́ì ní mánígà mọ́. Ẹ pe iṣẹ́ ní orúkọ ẹ̀, kí ọmọ lè sọ ewu ẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gba èèyàn síṣẹ́ nílé níbí, tẹ́ ẹ lọ́kọ̀ ìkólẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín òyìnbó. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2010 ní kẹ́ ẹ máa san kọ́bọ̀ kan lórí náírà kọ̀ọ̀kan owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yín sápò NSITF, nítorí ọjọ́ tí ẹnì kan bá fara pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ fún wọn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń san án.

Ní ti àǹtí mi, ọjọ́ Sọ́ńdè ló máa ń pe ọmọ ẹ̀ báyìí. Mo wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó kí i, ó bi í nípa ìyàwó, ó bi í nípa ọwọ́. Ó wá ní, "Ṣéènì ńkọ́?" Ọmọ ní ó dáa, màmá, mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àná. Ó ní, "Yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la náà o." Kò béèrè owó lọ́jọ́ yẹn.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi kí àwọn tó wà lẹ́yìn odi.